Àlejò Tó Ń Wọlé Nígbà Tí Iná Bá Dé

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún mi lò ní yunifásítì nígbà tí mò ń ṣe másítàsì, arúgbó ẹ̀rọ ni. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń bú u dáadáa. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn yóò sọ fún yín pé inú mi kì í pẹ́ bí, kì í sì í pẹ́ rọ̀. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló lè mú mi bínú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsinmi.

Iṣẹ́ tí mo gbé lé e lọ́wọ́ ni àtẹ ìdánwò fákọ́tì wa. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ wo pátákó, á rí i pé Físíìsì àti Ìṣirò bọ́ sí wákàtí kan náà, á ká ọwọ́ lérí. Àwọn olùkọ́ tó ń fi ọwọ́ ṣe àtẹ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o, iṣẹ́ náà ló kọjá agbára ọwọ́. Gbọ̀ngàn kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ọ̀sán Jímọ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo kí àwọn Mùsùlùmí lè ráyè kírun. Ni mo bá dìde níwájú ìgbìmọ̀ fákọ́tì lọ́jọ́ kan, èmi tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ohunkóhun, mo ní kọ̀ǹpútà lè ṣe àtẹ tí ìdánwò kan kò ní kọlu òmíràn nínú rẹ̀ rárá.

Wọ́n wo ara wọn. Alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n gbé àtẹ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Bí ó bá rí bí mo ṣe wí, fákọ́tì yóò lò ó, èmi náà yóò fi gba másítàsì mi, wọ́n á sì rò mí mọ́ àyè olùkọ́ kan tó ṣófo ní ẹ̀ka wa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n lọ wá iṣẹ́ ìwádìí mìíràn, kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe jókòó padà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń gbóná.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ ọ̀pọ̀ àtẹ láìronú, á kàn máa ju ìdánwò sí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Àwọn àtẹ yìí ni mò ń pè ní ará agbo. Èyí tí ìkọlù inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, á kú. Èyí tí tirẹ̀ bá mọ níwọ̀n, á wà láàyè, á fẹ́ ẹlòmíràn nínú agbo, wọ́n á sì bímọ. Ọmọ náà á mú ètò ọjọ́ kan láti ara bàbá, á mú ti ọjọ́ mìíràn láti ara ìyá. Bí ìran ṣe ń tẹ̀lé ìran, agbo á máa sàn sí i, títí ọmọ kan á fi dé tí kò ní ìkọlù kankan lára. Nínú ìwé, bí ó ṣe ń rí nìyẹn.

Ní Ifẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Agbo mi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìkọlù ń dínkù lójú mi, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àfi bí ó ṣe ku ìkọlù méjì péré, tí gbogbo rẹ̀ dúró gbọnin. Mo wo inú agbo, mo rí i pé gbogbo wọn ti di ọmọ ẹnìkan ṣoṣo. Àtẹ kan ti wà níbẹ̀rẹ̀ tó dára ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń borí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń borí, títí wọ́n fi gba gbogbo ilé. Gbogbo wọn ló fi Ìṣirò ti àwọn ọmọ ọdún kìíní, ìdánwò tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ, sí àárọ̀ Mọ́ńdè àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni baba ńlá wọn fi í sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn? Ọkọ ń fẹ́ ìyàwó, àwọn méjèèjì gba ohun kan náà gbọ́, ọmọ tí wọ́n bí náà gbà á gbọ́.

Ó rán mi létí ilé wa ní àdúgbò Ìlárè, nínú Ifẹ̀ kan náà. Àwọn ará ilé bàbá mi, iwájú orí kan náà ni gbogbo wọn ní, fífẹ̀, tó ń dán. Ìbínú kan náà ni wọ́n ń bí. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá, kò sí ẹni tí yóò là á, nítorí gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Màámi nìkan ni kì í sí níbẹ̀. Ẹdẹ ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, Mùsùlùmí ni, bàbá mi sì jẹ́ ọmọ ìjọ tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùbọ́sà ló ń tà. Á rà á ní Sábó lọ́wọ́ àwọn Hausa, á lọ pàtẹ rẹ̀ ní Ẹnuwà. Ó ti bí gbogbo wa tán, irun rẹ̀ ti ń funfun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú ṣì ń pè é ní Ìyàwó Ẹdẹ. Bí Màámi bá dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, èyí tí kì í sábàá ṣe, wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ kó jókòó, àlejò ni, kò mọ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín.” Màámi á rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀. Èmi ni inú máa ń bí. Ìbínú yẹn, láti ilé bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Ẹ̀rín tó máa ń tẹ̀lé e, ti Ẹdẹ ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ agbo mi lọ bá ọ̀gá mi, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí iṣẹ́ náà. Ó jẹ́ ẹni tó máa ń fi ìdí bírò ro etí bí ó bá ń ronú. Ó ro etí ọ̀tún, ó ro ti òsì.

Ó ní, “Ẹbí ló ń fẹ́ ẹbí níbẹ̀ yẹn. Mú àlejò wọlé.”

“Irú àlejò wo, sà?”

“Àtẹ tuntun pátápátá, tí kò bá wọn tan. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣẹ̀dá díẹ̀ nínú wọn láti ìgbà dé ìgbà, kó máa jù wọ́n sáàárín agbo. Àmọ́ o, má jẹ́ kí wọ́n pa àlejò lọ́jọ́ tó dé. Kò lè dára tó onílé. Fún un láyè kó fẹ́yàwó ná.”

Mo dúpẹ́, mo sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Ìgbà wo ni kí àlejò máa wọlé? Èyí kò gba ìrònú. Iná ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ó ti wù ú. Bí wọ́n bá ti mú un lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ohun tí mo bá ti kó pamọ́ sínú dísìkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣẹ́kù. Mo wá ṣètò pé bí iná bá ti dé, kí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó kó agbo àná jáde láti inú dísìkẹ́ẹ̀tì, kó mú àlejò díẹ̀ kún un, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Kò ní pọn dandan kí n wà níbẹ̀. Mo lè wà ní kíláàsì, mo lè wà ní Ẹnuwà pẹ̀lú Màámi.

Ohun kan ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yẹn, bí ó bá ti jí, á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni pé ọjọ́ wo la wà, kí ni aago sọ. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka wa tó ń dá a lóhùn. Bọ́tìnì ńlá ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni gbogbo wa ń tẹ̀ gbàù, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, á sì kọjá. Ìbéèrè yẹn ti sú mi. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, kó má baà dúró máa retí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Iná lọ, iná dé, àlejò wọlé. Ìkọlù méjì kò kúrò. Iná lọ, iná dé. Méjì. Mo ní bóyá àwọn àlejò kò tíì mọ ilé dáadáa. Ìpàdé ń sún mọ́lé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí alága ìgbìmọ̀ níbi tí kò sí. Mo dààmú gan-an, kí n má purọ́. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo Ìlárè pé ọmọ òun fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n lójú títì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo tẹ àwọn àlejò jáde lórí ìwé pírintà tí etí rẹ̀ ní ihò, láti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn pa mí lẹ́rìn-ín. Ó fi ìdánwò Kẹ́mísìrì, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé nínú yàrá kékeré kan tí a ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Sátidé, mo fi han tápíìsì wa, òun náà rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí iná ti lọ tó ti dé, mo tún tẹ àwọn àlejò tuntun jáde. Ta ni mo rí? Ọ̀gbẹ́ni Sátidé. Kẹ́mísìrì, ìrọ̀lẹ́, yàrá àga tó ti ṣẹ́.

Mo ní, “Mo ti rí ẹ rí o.”

Mo gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Gbogbo àlejò àná ni àlejò òní, látorí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni ìkẹyìn. Mo wá lọ wo ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ sára àwọn fáìlì inú dísìkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1980. Gbogbo wọn pátá. Bátìrì kékeré tó wà níkùn ẹ̀rọ náà ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bí iná bá sì ti lọ, aago rẹ̀ kú nìyẹn. Bí iná bá dé, á jí sí ọdún 1980, ní òru ọjọ́ ọdún tuntun. Ojú aago ni mo sì ní kí ó máa wò kó tó ṣẹ̀dá àlejò, kí ti òní má baà jọ ti àná. Ẹ̀rọ kan tó ń bẹ̀rẹ̀ ayé ní ìṣẹ́jú kan náà lójoojúmọ́, irú àlejò wo ló fẹ́ bí? Mo ti ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980. Mo rò pé mo ti kúrò níbẹ̀.

Mo bú ẹ̀rọ náà, mo bú bátìrì, mo wá rántí ẹni tó yọ ìbéèrè tí ì bá fi mọ ọjọ́ kúrò, mo fi èébú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé, ẹ̀rín tó mú kí tápíìsì wá yọjú láti yàrá kejì pé kí ló dé. Mo ní àwọn àlejò mi kan ni kò lọ sílé.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fún wa ní kí n lọ wá irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ní Èkó, kò sì sí àyè ìrìn Èkó mọ́. Mo ronú pé bí aago kò bá lè yàtọ̀ lójoojúmọ́, ènìyàn ń yàtọ̀. Mo tún ètò náà kọ: bí iná bá dé, kí ẹ̀rọ náà dúró, kó béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà nítòsí, kó fi nọ́ńbà yẹn ṣẹ̀dá àlejò, kó sì kọ nọ́ńbà náà sára wọn àti sára àwọn ọmọ wọn. Mo gé páálí kan, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: INÁ TI DÉ. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ BÁ MI TẸ NỌ́ŃBÀ KAN, Ẹ MÁ RÒ Ó. Mo gbé e lé orí ẹ̀rọ.

Ẹ wo ayé bí ẹ bá fẹ́ rí i. Ọ̀gá mi tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan tó tún jẹ́ pásítọ̀ tẹ orí Sáàmù tó fẹ́ràn jù. Mẹ́sẹ́ńjà wa, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tẹ nọ́ńbà tí ọkàn rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní bí ẹ̀rọ náà bá mú un jáde kí n má gbàgbé òun. Olùkọ́ ìṣirò kan dúró pẹ́ níwájú páálí náà, ó fọwọ́ lé àgbọ̀n, ó sì tẹ ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Àlejò wá ń wọlé lóríṣiríṣi, agbo ń dún bí ọjà. Ìkọlù ṣì jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n àwọn ará agbo kò jọra mọ́, mo sì lè sùn.

Ní Sátidé tó ṣíwájú ìpàdé, Màámi wá wò mí ní ọ́fíìsì nítorí pé mi ò tíì yọjú sílé lọ́sẹ̀ náà. Ó gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ wá nínú kúlà. Bí mo ṣe ń jẹun, iná tó ti lọ láti àárọ̀ dé, ẹ̀rọ náà kùn, ó dúró, ó ń retí.

Màámi ní, “Kí ló ń wò ẹ́ fún?”

“Ó fẹ́ kí ẹnìkan tẹ nọ́ńbà fún un. Ọwọ́ mi ti kún fún epo. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, Màámi. Èyíkéyìí nínú àwọn tó wà lókè yẹn.”

“Èmi? Ṣé iná ò ní gbé mi báyìí?”

“Kò ní gbé yín, mà.”

Ó nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ìró rẹ̀. Ó ní, “Bísímílà.” Kò wá ìka kankan yọ sọ́tọ̀ o, ńṣe ló fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e, bí ẹni tó ń tẹ àlùbọ́sà wò bóyá ó ti rọ̀. Ẹ̀rọ náà ké píì. Màámi fò sẹ́yìn.

“Ó ń ké!”

“Ó ń kí yín ni.”

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dá a lóhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi fẹ́ há mi lọ́fun. Àlùbọ́sà ni bọ́tìnì wọ̀nyẹn ń rùn títí di ọjọ́ kejì.

Àlejò tí ọwọ́ Màámi mú wá kò dára rárá. Mo wò ó kí n tó sin Màámi lọ síbi ọkọ̀. Ìkọlù inú rẹ̀ kò ṣeé wí, ká ní agbo láṣẹ ni, lójú ẹsẹ̀ ni wọn ì bá pa á. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe tó yàtọ̀: ó gbé Ìṣirò kúrò ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́, ó gbé e lọ sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Nínú gbogbo agbo, láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó dán irú rẹ̀ wò rí.

Nígbà tí mo fi máa dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, iná kò tíì lọ láti Sátidé, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ìyanu lọ́tọ̀. Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ní ibi tí méjì máa ń wà, òdo ló wà níbẹ̀. Mo kígbe débi pé mẹ́sẹ́ńjà rò pé nọ́ńbà òun ló jáde. Èmi àti ọ̀gá mi jókòó ti àtẹ náà látàárọ̀ dọ̀sán, a ń fi bírò wá ìkọlù nínú rẹ̀. A kò rí i. Ọ̀sán Jímọ̀ ṣófo, gbọ̀ngàn gba èrò, Ìṣirò wà ní Ọjọ́bọ̀ ìkẹyìn. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni nọ́ńbà àtẹ́lẹwọ́ Màámi.

Ìgbìmọ̀ fákọ́tì gbé àtẹ náà yẹ̀ wò ní ìpàdé. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, mo sì sọ fún wọn bí agbo ṣe pẹ́ lórí àárọ̀ Mọ́ńdè. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí kì í tètè gbà bọ́ jígí rẹ̀ sílẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ̀rọ yín fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó ronú kan Ọjọ́bọ̀? Níbo ló ti wá rí i?”

Mo wo ọ̀gá mi. Ó ń fi bírò ro etí. Mo ní, “Ọwọ́ ìyá mi ni, mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Mo wá ṣàlàyé bátìrì, 1980, Ọ̀gbẹ́ni Sátidé, páálí, títí dórí mọ́ínmọ́ín. Mo ní kí wọ́n má rò pé ọwọ́ ìyá mi ní àṣírí kan nínú, ọwọ́ mìíràn náà ì bá ti ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí agbo náà ń fẹ́ kò ju ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbé jígí rẹ̀ wọ̀ padà. Ó ní kí wọ́n lo àtẹ náà, kí wọ́n sì ra bátìrì fún ọmọbìnrin yìí.

Mo gba Ìlárè lọ tààrà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Màámi, ó ń ṣa àlùbọ́sà tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó dára. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó ṣà á. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ayọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: wọ́n gba àtẹ, másítàsì ti di tèmi, àlejò tí ọwọ́ rẹ̀ mú wá ló fà á.

Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní, “Alihamudulilahi.” Ó wá dúró, àlùbọ́sà kan lọ́wọ́.

Ó ní, “Àlejò yẹn, kí ni wọ́n ń pè é nínú agbo yẹn báyìí? Ṣé àlejò náà ni?”

Mo ní, “Rárá, Màámi. Ọmọ rẹ̀ ló kún ilé.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ẹdẹ yẹn, ó fi orí júwe àpótí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó lé.

Ó ní, “Tún un sọ, kó sókè díẹ̀. Etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.”